Iná Pupa Lábẹ́ Ìbòòji

"Irin mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ?"

Ẹnubodè ló béèrè. Kò sọ pé ẹ káàsán, kò sọ pé ẹ kú ewu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ ní èdè Yorùbá, kò sẹ́ni tó rántí kọ́ ọ ní ìkíni, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí a kò kọ́ ní ìkíni, bó gbọ́ èdè méje, kò tíì lẹ́nu. Ìbídùn tú àpò rẹ̀ sórí pẹpẹ, ó ń to irin iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pàtẹ ata: sípánà ńlá, sípánà kékeré, mítà, òòlù, irin tí wọ́n fi ń fa béárìn yọ, agolo gírísì, béárìn tuntun kan nínú ọ̀rá, àti ọ̀pá ìfetí rẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kókó igi lórí.

"Mẹ́jọ," ni Ìbídùn wí.

"Mẹ́jọ wọlé, mẹ́jọ ni yóò jáde. Irin tí òṣìṣẹ́ bá gbàgbé sábẹ́ Ìbòòji, àmì kan ni fún un. Ọwọ́ tó mú un wọlé náà ni yóò padà wá mú un jáde. O ti ní àmì méjì. Bó bá pé mẹ́ta, iṣẹ́ bọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Ìgbà gbogbo ni mo ń gbọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí lo wá ṣe?"

"Iná ẹ̀rọ pọ́n."

"Ìgbà wo lo máa jáde?"

"Tí iná bá di àwọ̀ ewé."

"Fọ ẹsẹ̀ rẹ."

Ó bọ́ bàtà, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú ọpọ́n omi oògùn kíkorò, ó dúró títí omi náà fi ta á láàárín ọmọ ìka. Lókè orí rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà: ẸSẸ̀ LÓ PA KÒKÓ. Àti kékeré ló ti ń kà á. Ìyá ìyá rẹ̀ sọ fún un pé nígbà kan, tí àrùn kòkó kò tíì máa bá ẹrẹ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ rìn láti oko dé oko, ilé méje, ilé mẹ́jọ ló máa ń wà ní abà kan, ariwo wọn a sì máa jí àkùkọ. Ìbídùn kò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n ti kó èèyàn kúrò lóko nítorí àrùn náà: abà tí òun mọ̀, ilé kan ni, olùṣọ́ kan ni, ẹ̀rọ ló kù.

Ilẹ̀kùn ṣí, ó wọlé.

Ooru ìta dà bí ẹnu ààrò, ṣùgbọ́n abẹ́ Ìbòòji tutù bí inú àmù. Aṣọ funfun ńlá tí wọ́n ń pè ní Ìbòòji nà láti orí òkè kan dé orí èkejì, ìlà lórí ìlà. Láàárọ̀, ẹ̀rọ a ká a kí kòkó rí oòrùn díẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, a tú u bo wọ́n. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí kò ju orí ewúrẹ́ lọ ló ń yí ọ̀pá gígùn tí aṣọ ìlà kọ̀ọ̀kan wé mọ́. Lónìí ìlà kan dúró lágbedeméjì, oòrùn sì gba ibẹ̀ wọlé bí ọ̀bẹ. Ewé kòkó tó wà níbẹ̀ ti ká jọ bí ọwọ́ ọmọ tuntun.

Ọkùnrin arúgbó kan jókòó sórí àpótí ìjókòó lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì náà. Ó wọ bùbá tó mọ́, bùbá ọjọ́ àlejò. Akínmọládùn ni orúkọ rẹ̀. Òun ni olùṣọ́ ibẹ̀. Ìbídùn kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Káàsán, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà lo dé? Ọ̀nà ò nira? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Àwọn ará àdúgbò ńkọ́? Òjò ti rọ̀ lọ́hùn-ún?"

Ìkíni náà ń ya lu ara wọn bí ẹran tí wọ́n ṣí ọgbà fún. Ìbídùn kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ dáhùn.

"Kò sọ́mọ, Bàbá. Kò sí bàbá wọn. Àwọn ará àdúgbò, n kò mọ̀ wọ́n."

"O ò mọ̀ wọ́n? Ṣé ẹ ò jọ gbélé ni?"

"A jọ gbélé. Ilé alájà gíga ni. Ilẹ̀kùn ló mọ̀ wá."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Ilẹ̀kùn ló mọ̀ yín! Ilẹ̀kùn tèmi náà mọ̀ mí, àmọ́ bí mo bá bú u, kì í bú mi padà. Kí lorúkọ rẹ?"

"Ìbídùn."

"Ìyẹn ni wọ́n kọ sára aṣọ rẹ, mo ti kà á. Oríkì rẹ ni mo ń bi ọ́."

Ìbídùn fọwọ́ kan orúkọ tó wà láyà aṣọ rẹ̀. "Àjọkẹ́."

"Àjọkẹ́!" Bàbá fa orúkọ náà gùn bí ẹni ń fa okùn omi láti inú kànga jíjìn. "Àjọkẹ́ ọmọ mi, wá jẹun."

Láti ọjọ́ tí ìyá Ìbídùn ti kú, ẹnikẹ́ni kò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó yíjú sí ẹ̀rọ kí Bàbá má baà rí ojú rẹ̀.

"Iná pọ́n, Bàbá. Ẹ jẹ́ n wò ó ná."

"Iyán kì í dúró de ẹ̀rọ."

Lóòótọ́, abọ́ kan tí wọ́n dé wà lórí pèpéle, àwo omi ìfọwọ́ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbídùn rí i, kò rò ó jìnnà. Ẹni ebi ń pa kì í bi iyán léèrè ìgbà tí wọ́n gún un.

Àpótí apàṣẹ wà lára òpó, iná pupa ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀. Òun ló ń sọ fún ẹ́ńjìnnì iye tí yóò yí àti bí yóò ṣe yára tó. Ìbídùn fọwọ́ kàn án.

"Sọ ohun tó ṣe ọ́."

"Mo ní kí ẹ́ńjìnnì yí ọgọ́rùn-ún," ni àpótí wí. "Ojú ẹ̀yìn rẹ̀ ní ogójì ló yí. Mo tì í, agbára pọ̀ jù. Mo dá a dúró kó má jóná. Ìdádúró kẹta nìyí. Òṣìṣẹ́ méjì ti wá, wọn kò rí ìdí. Bí ìwọ náà kò bá rí ìdí, a ó yọ mí, a ó gbé irú èyí tí kò nílò olùṣọ́ síbí. Olùṣọ́ yóò lọ sí Ilé Ìsinmi."

"O gbọ́ ọ bí?" ni Bàbá wí. "Ó ń sọ ọ́ lójú mi bí ẹni pé èmi ni àga. Àjọkẹ́, ṣé o rí igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé yẹn? Abẹ́ rẹ̀ ni ìyá àwọn ọmọ mi sùn sí. Ilé Ìsinmi ní ìbùsùn rírọ̀, mo gbọ́. Ṣé wọ́n á gbé igi ọsàn lọ bá mi níbẹ̀?"

Ìbídùn ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́ máa ń wí pé ẹni mẹ́ta ló wà nínú irú ẹ̀rọ yìí: ẹni tó ń pàṣẹ, ẹni tó ń ṣe é, àti ojú tó ń wò ó láti ẹ̀yìn, tó ń ka yíyí rẹ̀. Bí ìjà bá dé láàárín wọn, apàṣẹ ló máa ń kọ́kọ́ pariwo, nítorí òun ló lẹ́nu. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, òṣìkà èèyàn. Ìbídùn pa iná, ó ní sùúrù títí agbára tó kù nínú ikùn àpótí fi rọ̀ tán. Ó fi mítà wo wáyà mẹ́ta tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n bára dọ́gba bí ìbẹ́ta. Ó wò ó bóyá iná ń jò sí ara irin, kò jò. Ó fọwọ́ yí ọrùn ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀, ojú ẹ̀yìn sì ń kà á lọ, kò fo ọ̀kan.

Gbogbo ìgbà yìí Bàbá ń sọ̀rọ̀. Ó sọ ti òbúkọ kan tó jẹ fìlà olórí abà nígbà èwe òun. Ó sọ ti àwọn òṣìṣẹ́ méjì tó ti wá: ọ̀kan kò yọ ohun tó fi di etí títí ó fi lọ, èkejì jẹun, ṣùgbọ́n ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ níbi tí aago wà.

"Kí ni wọ́n ṣe sí ẹ̀rọ?" ni Ìbídùn béèrè.

"Ẹni àkọ́kọ́ pààrọ̀ àpótí. Ẹnì kejì pààrọ̀ wáyà. Ó ṣiṣẹ́, wọ́n lọ."

Ìbídùn tú oríkèé irin tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọ̀pá gígùn náà, kí ẹ́ńjìnnì lè dá dúró láìru ẹrù. Ó tan iná, ó ní kó yí. Ó yí, ó ń lọ geere bí omi. Nígbà náà ló fi ẹnu ọ̀pá ìfetí kan ọrùn rẹ̀, ó fi kókó igi sí etí. Ọrùn dára. Ó gbé e sí ẹ̀yìn, níbi tí ojú náà wà. Níbẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, tín-ín-rín, bí iyanrìn nínú gàrí: gírísì béárìn ẹ̀yìn, òrùka irin tí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ń yí nínú rẹ̀, ti gbẹ. Ooru ọdún pípẹ́ ló gbẹ ẹ́. Àìsàn ni, kò tíì di ikú, àpótí kò sì lè gbọ́ ọ nítorí kò tíì wúwo tó lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀, lọ́sàn-án gangan, tí béárìn yẹn yóò gan, tí aṣọ kò ní tú mọ́, tí oòrùn yóò jẹ odindi ìlà kòkó kí ẹnikẹ́ni tó dé.

Síbẹ̀, kì í ṣe òun ló dá ẹ̀rọ dúró lónìí. Àìsàn kékeré bẹ́ẹ̀ kì í gba ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ ẹni. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìbídùn fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ó yíjú sí ọ̀pá gígùn tó ń gbé aṣọ.

Bàbá dákẹ́.

Ìdákẹ́ náà ló mú kí Ìbídùn gbójú sókè. Ọkùnrin náà ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ìbídùn fọwọ́ yí ọ̀pá, ó yí díẹ̀, ó há. Ó gun àkàbà, ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn irin tó gbé ọ̀pá dúró, níbi tí ojú ẹ̀rọ kankan kò lè dé. Ohun kan wà níbẹ̀ tó há gádígádí. Ó fi òòlù kàn án, ó fà á yọ.

Ègé igi ọsàn ni, tí wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ ní pẹ̀lẹ́. Okùn òwú kan so mọ́ ọn. Owó ẹyọ méjì wà lórí okùn náà, wọ́n dojú wọn kora, wọ́n sì fi ìyẹ́ adìẹ funfun kan sí i.

Ìyá ìyá Ìbídùn ti kọ́ ọ ní àrokò nígbà tó wà ní kékeré, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní eré. Owó ẹyọ méjì tó kojú síra: ojú mi ń wá ojú rẹ. Ìyẹ́ adìẹ: kí ó yá. Kò rò pé òun yóò rí àrokò tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ láyé òun, kí a má tíì sọ pé inú ẹ̀rọ ni yóò ti bá a.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé e sáàárín àwọn méjèèjì.

"Bàbá."

"O káre," ni Bàbá wí, kò gbójú sókè. "Nígbà méjì tó kọjá, bí wọ́n bá ti ń tú àpótí, mo ti yọ ọ́. Lónìí mo fi sílẹ̀. Mo ní kí ẹnì kan kúkú rí i."

"Ẹ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí! Ẹ mọ̀ pé wọ́n á gbé yín lọ!"

"Mo mọ̀."

"Ẹ wo ewé tó jó yẹn, Bàbá! Ẹ̀yin tí wọ́n fi ṣọ́ kòkó!"

"Mo wò ó, Àjọkẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bu omi sí i nídìí." Ó gbójú sókè wàyí. "Bí kòkó bá jó, iná á pọ́n, èèyàn á sáré dé láti ìlú. Èmi náà ń jó. Iná wo ló pọ́n fún mi? Èèyàn laṣọ. Èyí tó wà lókè yìí, aṣọ kòkó ni."

Ìbídùn ronú kan yàrá rẹ̀ nílùú, àga kan, ife kan, ilẹ̀kùn tó ń pe orúkọ rẹ̀ lọ́nà kan náà lójoojúmọ́.

"Kí lo rí?" ni àpótí apàṣẹ béèrè lára òpó.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Bí Ìbídùn bá sọ pé òun rí igi, wọ́n á gbé Bàbá lọ bí ọ̀daràn. Bó bá sọ pé òun kò rí nǹkan kan, wọ́n á gbé e lọ bí ẹrù tí kò wúlò mọ́. Béárìn nìkan ló kù, béárìn sì ń bẹ, kì í ṣe irọ́. Ó mú tuntun náà jáde nínú ọ̀rá.

Bàbá rí i lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ni yẹn?"

"Ti ẹ̀yìn ti ń kú lọ. Bí kì í bá ṣe igi yín, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ọ títí yóò fi gan."

"Bó o bá pààrọ̀ rẹ̀, ó di ìgbà wo kí iná tó tún pọ́n?"

"Ó lè tó ọdún mẹ́wàá."

Ọkùnrin náà gbé ẹ̀mí mì. "Fi èyí tó ń kú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kó pọ́n fúnra rẹ̀ nígbà tó bá wù ú. N kò ní ki igi bọ̀ ọ́ mọ́. Ìyẹn kì í ṣe irọ́."

Ìbídùn di béárìn náà mú. Ẹ má rò pé kò wù ú. Ó wù ú láti padà wá jẹ iyán, kí wọ́n tún pè é ní Àjọkẹ́. Ṣùgbọ́n béárìn kì í yan ọjọ́ tí yóò kú sí, kòkó tó wà lábẹ́ aṣọ náà kò sì bá ẹnikẹ́ni jà.

"N kò lè ṣe é, Bàbá. Etí mi ti gbọ́ ọ."

Bàbá mi orí, ó pẹ́ tó fi ń mi í. "Ìyá àwọn ọmọ mi ìbá dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀."

"Ṣùgbọ́n iná ṣì pọ́n," ni Ìbídùn wí. "Níwọ̀n ìgbà tó bá pọ́n, kò sẹ́ni tó lè ní kí n máa lọ. Ẹ ṣí iyán."

Wọ́n jọ jókòó ti abọ́ kan náà. Iyán ti le, ọbẹ̀ ti tutù, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n nu abọ́. Bàbá parí ìtàn òbúkọ. Ìbídùn náà rí ìtàn kan sọ, ti ọ̀gá rẹ̀ kan tó ń kí ẹ̀rọ kó tó fọwọ́ kàn án, tó ní ẹ̀rọ tí a kò kí kì í sọ òótọ́. Bàbá ní ọ̀gá yẹn gbọ́n, kí ló dé tí wọn kò fi í ṣe ẹnubodè? Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. "Kí lo rí?" ni àpótí ń wí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n jẹ́ kó máa wí.

Nígbà tí oòrùn yẹ̀, Ìbídùn fa béárìn tó gbẹ yọ, ó kun tuntun ní gírísì, ó fi òòlù kàn án wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ. Ó so oríkèé irin padà. Ó dúró níwájú àpótí.

"Béárìn ẹ̀yìn ti gbẹ. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀."

"Ṣé ìdí ìdádúró ti hàn? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

Ó ti hàn. Inú àpò Ìbídùn ló wà, òun pẹ̀lú owó ẹyọ méjì. Gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Olùṣọ́ yóò dúró."

Ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Aṣọ tú, ó bo ojú ihò tí oòrùn gbà wọlé. Lójú àpótí, iná pupa kú, àwọ̀ ewé yọ. Kò sí ẹlòmíràn láyé tí ìmọ́lẹ̀ yẹn kì í dùn mọ́ nínú. Ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí dúró lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí òkú kú fún.

"Òṣìṣẹ́ máa jáde," ni àpótí wí.

Ìbídùn kó irin rẹ̀ jọ. Ọ̀pá ìfetí nìkan ni kò kó. Ó gbé e lé Bàbá lọ́wọ́, ó fi kókó igi rẹ̀ sí i létí, ó sì fi ẹnu rẹ̀ kan ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì tó ń yí.

"Kí lẹ gbọ́?"

Bàbá di ojú. "Ó ń mí," ló wí. "Ó ń mí bí ẹni tó sùn ti èèyàn."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ máa bá mi gbọ́ ọ láràárọ̀."

"Bí mo bá gbọ́ ọ tán, ta ni n ó máa sọ ọ́ fún?"

"Ẹ bá mi tọ́jú ọ̀pá náà, Bàbá. Irin mi ni." Ó kúnlẹ̀, ó dìde, kò wẹ̀yìn títí ó fi dé ẹnubodè.

"Irin mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ?"

Ìbídùn ki ẹsẹ̀ bọ ọpọ́n omi, ó tò wọ́n kalẹ̀, béárìn gbígbẹ náà wà ní ipò tuntun. "Méje."

"Mẹ́jọ ló wọlé. O gbàgbé ọ̀kan. Àmì kẹta—"

"N kò gbàgbé."

"Irin méje ló wà lórí pẹpẹ."

"Méje ni. N kò gbàgbé ìkẹjọ. Mo fi í sílẹ̀ ni."

Afẹ́fẹ́ gbóná ń fẹ́ láti ìta, ó gbé eruku wá sórí omi ọpọ́n. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ẹnubodè ní: "Àmì wà fún ìgbàgbé. Òfin kò sọ ti ìfisílẹ̀. Tún un sọ."

"Mo fi í sílẹ̀ ni."

"Ṣé irin náà sọnù?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo mọ ọwọ́ tó wà."

"Mo ti kọ ọ́. Àwọn tó ni òfin yóò kà á." Ẹnubodè ń bá a lọ: "Irin òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbé abẹ́ Ìbòòji. Ọwọ́ tó mú un wọlé ni yóò mú un jáde. Ìgbà wo lo ń padà bọ̀?"

Ìbídùn, ẹni tó ti gba ẹnubodè tí kò níye kọjá, tí ilẹ̀kùn ilé tirẹ̀ kò bi í ní irú ìbéèrè yìí rí, dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì nínú omi kíkorò, kò mọ̀ pé òun ti ń sunkún. Àwọn tó ni òfin lè kà á lọ́la, kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n sì lè má tètè kà á.

Ó dárúkọ ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò tún gba ẹ̀bá òkè yẹn kọjá. Ẹnubodè kọ ọ́ sílẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn.

Ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ ti ń dúró. Òun nìkan ló wọ̀ ọ́, àwọn àga tó kù ṣófo. Ó mú àrokò náà jáde, ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì ń fi àtàǹpàkò di owó ẹyọ méjèèjì mú, kí ìgbọ̀nrìrì ọkọ̀ má baà yí ojú wọn kúrò lára ara wọn.